Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Eruku Adìẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣí ojú ewé yìí láti ka nípa ewúrẹ́ àti ẹ̀fọ́ bí ìṣe yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè kan kí ẹ tó kà síwájú. Ta ló ń wúkọ́ nínú ilé yín? Ìgbà wo ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀? Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má wulẹ̀ ka tèmi parí. Ẹ mú ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ná, kí ẹ tó padà wá kà á. Tíṣà ni mí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, Mufutau ni orúkọ mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti ìyàwó mi kó kúrò nínú yàrá méjì tí a háyà ní Òkokomáìkò, a kó lọ sí orí ilẹ̀ tí a ti rà láti ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn Ìbà Housing Estate, níbi tí ilé ti tán tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. A kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, a gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì ń sin adìẹ àti ewúrẹ́ mẹ́rin. Ilẹ̀ náà kò ju púlọ́ọ̀tì méjì lọ, àmọ́ lójú mi, mo ti di olóko ńlá. Bùṣírà, ọmọbìnrin wa tó ń ta páùṣì fóònù ní Alábà, ló fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, ó sì ṣí búlọ́ọ̀gù yìí fún mi. Ó ní, “Dádì, gbogbo ìtàn adìẹ tí ẹ ń sọ fún mi lójoojúmọ́ yìí, ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn kan máa kà á.” Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n fi etí òun sílẹ̀ ni.

Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ọmọ tó bá gbàgbé àmì ohùn lọ́dọ̀ mi, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù yìí, kí n tó wá àmì kan rí, ohun tí mo fẹ́ sọ á ti sá lọ. Ni mo bá pa àmì tì. Mo ní àwọn tó máa kà á kì í ṣe ọmọdé, wọ́n á mọ ohun tí mò ń wí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà, etí rẹ̀ ni mo máa fà.

Oṣù kejì tí a dé oko ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, àárọ̀ ló sì máa ń mú mi lẹ́yìn tí mo bá gbá ilé adìẹ tán, nítorí náà mo gbà pé eruku adìẹ ni. Lẹ́yìn náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nírọ̀lẹ́. Bí àsìkò ìrun alásárì bá ti ń kọjá báyìí, òtútù á mú mi, màá wá súwẹ́tà wọ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Tí mo bá jí fún ìrun àsúbáà, síńgílẹ́ẹ̀tì mi á ti rin gbingbin. Ìyàwó mi ra oògùn ibà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta ní kẹ́mísìtì kan ní Ìyànà-Ìbà. Mò ń lò ó, ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, á tún padà síbi tó wà.

Mo tún ń rù. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé inú mi dùn sí i. Ikùn tí mo ti gbé kiri láti ogún ọdún ti wọlé, mo sì rò pé ọkọ́ àti àdá ló tú u ká. Mo ya fọ́tò bẹ́líìtì mi pẹ̀lú ihò tuntun tí mo lu sí i, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀gù, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú oríire.

Nígbà tí oṣù kẹrin pé, mo kọ ọ̀rọ̀ kan láti fi yin ara mi. Mo pe àkọlé rẹ̀ ní “Osu merin ni Iba.” Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin tí mo ti lò ní ìlú Ìbà ni mo ní lọ́kàn. Mo wá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, “Iba ti so mi di eni tuntun. Mo ti ru, sokoto mi ko duro nidii mi mo. Iko die lo ku, eruku adie si ni.” Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e jáde.

Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kà á. Nọ́ọ̀sì ni, Ìlọrin ló ń gbé. Ó kà á bí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá ṣe lè kà á: oṣù mẹ́rin ni ibà ti ń ṣe bàbá yìí, ibà náà ti mú un rù, ó sì tún ń wúkọ́. Ó kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ibà tó bá ṣe ènìyàn fún oṣù mẹ́rin tó sì mú un rù, tí ikọ́ tún wà níbẹ̀, kì í ṣe ibà lásán. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Kí n tó mọ ohun tí mo lè sọ, ọ̀rẹ́ mi kan ti ya fọ́tò èsì yìí, ó ti gbé e sí gúrúùpù àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Tíṣà Yorùbá, ibà ń ṣe yín láti oṣù mẹ́rin, ẹ ò jẹ́ ká gbọ́!” Ni wọ́n bá dá ẹ̀rín sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n dá mi padà sí pírámárì. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Mo jókòó ti fóònù náà, mo wá àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo pa èsì obìnrin náà rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín. Ìrọ̀lẹ́ ni nígbà tí mò ń pa á rẹ́. Súwẹ́tà wà lọ́rùn mi, ara mi sì gbóná bí ẹni pé mo jókòó ti ààrò. Obìnrin yẹn ṣi ọ̀rọ̀ mi kà, àmọ́ gbogbo ohun tó kà ló ń ṣe mí. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo sì sọ fún ara mi pé màá lọ yẹ ara mi wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí n tó lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni pé Fàtíà wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Bùṣírà ni, ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Jímọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé kí ìyá rẹ̀ lè ráyè ṣòwò. Orí itan mi ló ti ń jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń sùn lọ́sàn-án. Tí mo bá wúkọ́, yóò fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn, á ní, “Pẹ̀lẹ́, Bàbá Àgbà.”

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja Rábì, wá láti Ajangbádì. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, èmi náà á di ọmọ kékeré. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. “Múfú, kí ló jẹ ẹran ara rẹ báyìí? Ìwọ lo ń ya adìẹ, tí o ń ya ewúrẹ́ sórí fóònù kí gbogbo ayé máa wò ó. Ṣé gbogbo ẹni tó ń kí ẹ kú iṣẹ́ yẹn ló fẹ́ràn ẹ ni?” Wọ́n ní kí n ti búlọ́ọ̀gù náà pa. Wọ́n gbé ìgò àgbo méjì kalẹ̀, àti oyin, àti orógbó. Ìyàwó mi ní kí a kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìwòsàn á kàn gba ẹ̀jẹ̀ ara mi tán ni. Mo dẹ́kun kíkọ síbẹ̀, mo sì mu àgbo náà. Ó korò bí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún mi ju kí n lọ gbọ́ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo wúkọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Kò pọ̀, ó kàn dà bí òwú pupa tín-ín-rín. Mo fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo yí ojú padà bóyá ìyàwó mi rí mi. Mo wọlé, mo jẹ ọ̀sán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ilé ìwòsàn kò ju eré ọmọdé lọ. Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan, Fàtíà gbé àpótí mi, ó jókòó sí i. Ó fi ìborùn ìyá àgbà rẹ̀ wé ọrùn bíi súwẹ́tà. Ó tẹ̀ síwájú, ó di àyà mú, ó wúkọ́ gan-an bí mo ṣe máa ń wúkọ́, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Mo wá mọ̀ pé ó ti wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti pé kò sí ibi tí mo ti wúkọ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn tí kò sí nítòsí. Ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sórí bébà kan, ẹni mẹ́tàlélógójì ló ti ṣáájú mi. Nígbà tó kàn mí, mo ṣàlàyé, wọ́n fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó sí abẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló mọ irú aláìsàn tó ń jókòó síbẹ̀. Mo fa fìlà bo ojú. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe pariwo, “Tíṣà! Tíṣà Yorùbá!” Ọmọ tí mo kọ́ ní pírámárì fáìfù ni, ó ti di rewire báyìí, iná ilé ló ń ṣe. Ó ní, “Ṣé ẹ wá wo ènìyàn ni, sà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì yọjú lákòókò yẹn gan-an, ó ké: “Bàbá Mufutau! Ẹ gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wá!” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọ náà fa ìbòmú tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Sà, oògùn ni èmi náà wá gbà. Oṣù kẹrin mi rèé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé mi wá ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, sà.” Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó tù mí nínú tó bẹ́ẹ̀.

Èsì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ikọ́ ife ni. Mátíróònù tó sọ fún mi kò fi bò, kò sì fi dẹ́rù bà mí. Ó ní ó ṣeé wò, ó ní oṣù mẹ́fà ni màá fi lo oògùn, àti pé ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lórí oògùn náà. Mò ń mi orí, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ta lẹ jọ ń gbélé, bàbá?” Mo ní ìyàwó mi. Mo ní, àti ọmọ ọmọ mi. Bíírò rẹ̀ dúró. “Ọmọ ọdún mélòó?” Mo ní mẹ́ta. Ó ní, “Ẹ pe ìyá rẹ̀. Kó gbé e wá lọ́la.”

Bùṣírà gbé ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì. Mátíróònù ń kọ nǹkan sínú ìwé, ó bi mí léèrè ìgbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi rí pé kí n wá ṣe àyẹ̀wò. Mo lè ní rárá. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo wo Fàtíà tó ń fi ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òfìfo ṣeré, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àkọlé tí n kò fi àmì sí, nọ́ọ̀sì Ìlọrin, èsì tí mo pa rẹ́ nítorí ìtìjú. Ọmọ mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Dádì? Ẹ mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ sì ń gbé e sórí itan?” Mo ní kó má bínú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán lọ́dọ̀ ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́n, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Òkokomáìkò, kò sì wẹ̀yìn.

Wọ́n ti ya fọ́tò àyà ọmọ náà kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ mú ìgbẹ́ rẹ̀ wá, nítorí pé ọmọ kékeré kì í sábà lè wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Wọ́n ní ká máa retí èsì. Lọ́jọ́ kẹta ìrètí yìí, ìyàwó mi tẹ Bùṣírà láago. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó ní, “Fàtíà ń wúkọ́ láti àná.” Mo ti ń lo oògùn tèmi nígbà náà, mo sì rò ó pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, kí ni mo fẹ́ fi ìwòsàn ṣe? Mo bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí mi dípò tirẹ̀. N kò fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é, ikọ́ ife kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti bá mi gbé, wọ́n fún un ní oògùn tí yóò fi dènà rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n yẹ ìyàwó mi náà wò, ó mọ́ sáká. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn adìẹ, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà.

Oògùn náà kò rọrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo tọ̀, mo rí i tó pupa bíi Fáńtà, mo ké pe ìyàwó mi pé ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó ní, “Ṣebí wọ́n sọ fún wa pé oògùn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí lẹ wá gbọ́ níbẹ̀ ná?” Èébì ń gbé mi, oríkèé ń ro mí. Lóṣù kejì, ara mi yá gágá, mo sì fẹ́ fi oògùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ìyàwó mi á dúró tì mí pẹ̀lú ife omi, á ní kí n lanu kí òun rí i pé mo ti gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé wọ́n ní kí n má pa àgbo pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n bínú fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó yá, wọ́n fi kírétì ẹyin ránṣẹ́ sí mi, èmi tí mò ń sin adìẹ.

Mo wá nọ́ọ̀sì Ìlọrin náà rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀yin nìyí, sà! Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti kúrò níbẹ̀, tí ẹ ò sì kọ nǹkan tuntun mọ́, mo rò pé ẹ ti kú ni.”

Ó ti tó oṣù méjì tí mo parí oògùn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, ó mọ́. Ikùn mi ti padà sí àyè rẹ̀, n kò sì ya fọ́tò rẹ̀. Èémí mi kò tíì gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ro ebè mẹ́ta, màá jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba irú èsì tí mo gbà, ẹ má sá, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín mọ́lé. Mátíróònù ní lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́ lára, ènìyàn kì í kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Dókítà yín ló máa sọ ìgbà tó jẹ́ fún yín. Ìtìjú tí ẹ ń sá fún, ọjọ́ kan péré ni. Ohun tí mo fi sá fún tèmi, díẹ̀ ló kù kó gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Bùṣírà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ṣókí ni, nípa oúnjẹ àti ọjà. Sátidé tó kọjá, ó gbé Fàtíà wá sí oko fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà ga sí i. Ó kọ́kọ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, nígbà tó yá ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. N kò fọwọ́ kàn án, n kò mọ̀ bóyá mo láṣẹ. Lójijì, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ìyàwó mi gbé àwo tó ń fọ̀ sọ́wọ́, kò mì. Èmi ń wo ojú Bùṣírà, mò ń dúró de ohun tó máa sọ.

Ó ní, “Dádì, ẹ̀pà ló há a lọ́fun. Ẹ gbé e sórí itan, kí ẹ fún un lómi.”